Abọ́ Ògì Ìyá Tìjání

"Fọwọ́ sí i, kí gbogbo wa lè sinmi."

Sájẹ́ǹtì Yaqub ti bébà kan síwájú ọmọbìnrin tó jókòó lórí bẹ́ńṣì àgọ́ ọlọ́pàá. Ó gbé bírò lé e lórí. Ọmọbìnrin náà wo bírò, ó wo bébà, kò fọwọ́ kan ìkankan nínú méjèèjì.

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀, sà?"

"Pé ìwọ Nusrat, ìyàwó Tìjání, gbà láti kó ẹrù rẹ kúrò ní agboolé wọn. Àwọn náà á sì fa ẹjọ́ wọn sẹ́yìn. Kò ní sí kóòtù, kò ní sí ẹ̀wọ̀n."

"Ṣé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé mi ò fún ìyá ọkọ mi ní májèlé jẹ?"

"Ìyẹn kò sí níbẹ̀."

"Ẹ gbé bébà yín, sà. Bí mo bá kó ẹrù mi, gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó á ní mo sá. Ọmọ tí n ó bí lọ́la á gbọ́ ọ."

Inspẹ́kítọ̀ Ayọ̀bámi ti wà lẹ́nu ọ̀nà láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kúkúrú ni, ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń wádìí ọ̀ràn ní Erékùṣù Èkó. Àpá tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà ní ọrùn rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀ fún un. Tó bá ń ronú, orin ìjọ ló máa ń kùn lábẹ́ èémí. Àwọn tó mọ̀ ọ́n dáadáa mọ̀ pé ìgbà tí orin náà bá dákẹ́ lójijì ni kí ọ̀daràn bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn.

Lójú àwọn tó mú ẹjọ́ náà wá, ọ̀ràn ọ̀hún kò ní ìdíjú kankan. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn ni Bàbá Tìjání jáde láyé. Ìyàwó rẹ̀, Àlhájà Ganiat, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Tìjání, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe opó, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá nínú ilé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wọn ti là á sílẹ̀. Nusrat, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ló ń dáná fún un. Láti ọ̀sẹ̀ kejì ni ìyá ti ń bì, tó ń rù, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Ní àárọ̀ àná, bó ṣe mu ògì tí Nusrat gbé fún un tán, ó ṣubú lulẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Àlhájà Mùtíátù, àbúrò olóògbé, kò tiẹ̀ tẹ̀ lé wọn dé ibẹ̀ tó fi yà sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ó ń pariwo láti ojúlé dé ojúlé pé ará Ìjẹ̀bú ti pa ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun. Ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọ̀la, wọ́n máa gbé Nusrat lọ sí kóòtù.

"Inspẹ́kítọ̀, Ọ̀gá ní kí a parí ẹ̀ lónìí," Yaqub sọ. "Àwọn àgbà agboolé ti pè wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta."

"Kí wọ́n pè wọ́n lẹ́ẹ̀kẹrin. Kúrò lórí àga yẹn, jẹ́ kí n jókòó."

Ó kọjú sí Nusrat.

"Ṣé o fẹ́ràn ìyá ọkọ rẹ?"

"Rárá, mà."

Yaqub mí kanlẹ̀.

"Wọ́n máa ń ka ẹran inú ìkòkò," Nusrat ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Wọ́n ní iyọ̀ àwa Ìjẹ̀bú ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ọdún kẹta rèé tí mo ti ń se oúnjẹ fún wọn, kò sí ọjọ́ tí mi ò kúnlẹ̀ gbé e fún wọn."

"Ta ló tún mu nínú ògì àná?"

"Èmi. Àti àwọn ọmọ ilé mẹ́rin. Ìkòkò kan náà ni."

"Wọ́n ní inú abọ́ lo fi nǹkan sí."

"Wọ́n lè ní inú òrùlé ni mo gbà wọlé, mà. Ẹnu wọn ni."

"Ìgò tí wọ́n rí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ ńkọ́?"

"Télọ̀ ni mí. Epo maṣíìnì ni."

Yaqub gbé ìgò náà jáde, ó dì í mú bí ẹni di ejò mú. Ayọ̀bámi ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ro díẹ̀ sórí ìka, ó fi ra á. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó ro ẹ̀kán mẹ́ta sí ibi tí ilẹ̀kùn àhámọ́ ti ń yí, ilẹ̀kùn tó ti ń ké bí ewúrẹ́ láti ọdún tó kọjá. Ó fà á. Ilẹ̀kùn náà ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́, kò dún.

"Yaqub, ẹ̀rí rẹ kìíní ti ríṣẹ́."

*

Nílé ìwòsàn tó wà nítòsí Oníkan, Dókítà Haleem kò tíì sùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni.

"A yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, a yẹ èébì wọn wò. A ò rí májèlé. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn já wálẹ̀, ṣúgà ara wọn náà já wálẹ̀. A fa omi sí wọn lára, ó gòkè. Kò pé wákàtí méjì, ó tún jábọ́. Inspẹ́kítọ̀, bí ẹni ń rọ omi sínú apẹ̀rẹ̀ ló rí. Bí ó bá tún já bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí i, mi ò mọ̀ bóyá ọkàn wọn á gbà á."

"Oògùn wo ni wọ́n ń lò nílé?"

"Ohun tí mo kọ́kọ́ béèrè nìyẹn. Ọmọ wọn ní wọn kì í lo oògùn kankan."

Tìjání wà lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Tìjání, ṣé o gbà pé ìyàwó rẹ ló ṣe é?"

"Mi ò mọ èyí tí ǹ bá gbà mọ́, mà."

"Ìyẹn ni pé o ti gbà á. Ta ló tún máa ń gbé nǹkan wá fún màmá?"

Ó ronú. "Àǹtí Mùtíátù. Wọ́n máa ń gbé fíláàsì kan wá ní gbogbo Jímọ̀. Wọn kì í jẹ́ kí ẹlòmíì bù nínú ẹ̀."

Ayọ̀bámi fi ìyẹn sọ́kàn, ó sì tẹjú mọ́ aláìsàn. Ojú ìyá náà rí róbótó, ó kún, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ gbẹ bí igi. Awọ ojú rẹ̀ pupa, oríkèé ìka rẹ̀ dúdú bí ìdí ìṣaasùn. Níbi tí wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́, awọ náà fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Ní etí irun rẹ̀, àwọ̀ dúdú tuntun ti ń yọ díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ọ̀sà bá ń padà gba etí ilẹ̀ rẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn orin.

*

Àlhájà Mùtíátù gbà á tọwọ́tẹsẹ̀ ní agboolé. Òun náà pupa, ó ń dán, ìka rẹ̀ nìkan ni kò bá a dọ́gba.

"Ẹ jókòó, Inspẹ́kítọ̀. Ẹni tó yẹ kó máa gbé ọmọ-ọmọ pọ̀n, wọ́n ṣì ń rán an kiri nínú oòrùn."

"Ẹ ṣeun, Àlhájà. Kí ló wà nínú fíláàsì tí ẹ máa ń gbé wá ní Jímọ̀?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ìborùn rẹ̀ fi yọ̀. Ó wọlé, ó gbé fíláàsì náà jáde, ó dà á sínú ife, ó mu ìdajì, ó sì na ìyókù sí i.

"Omi tí mo bù bọ̀ láti Mẹ́kà ni. Bí ẹ̀rù kò bá bà yín."

Ayọ̀bámi gbà á, ó mu ún tán. "Ó fẹ́ ní iyọ̀ díẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń rí. Bí ó bá jẹ́ májèlé, a ti di méjì báyìí. Ṣé ẹ ti wá rí i pé ẹni tó fẹ́ pa á kò sí lọ́dọ̀ mi?"

Kò sí lóòótọ́. Ọ̀nà yẹn náà ti dí. Ayọ̀bámi gbé ife sílẹ̀, ó sì gbìyànjú láti gbàgbé oúnjẹ pátápátá. Ọdún mẹ́ta ni Nusrat ti fi ń dáná, ọwọ́ kan náà, ìkòkò kan náà, ìyá sì ń sanra. Lẹ́yìn náà ni bàbá kú, ọ̀sẹ̀ méjì kò pé tí ìyá fi bẹ̀rẹ̀ sí í wó. Kí ló yí padà?

"Àlhájà, ẹ dákun, Kìrìsìtẹ́nì ni mí. Kí ni ẹni tó ń ṣe opó kì í ṣe?"

"Hà, ó pọ̀. Kì í jáde láìnídìí. Kì í lé tìróò, kì í lé làálì. Kì í fín lọ́fínńdà, kì í wọ wúrà. Ohunkóhun tó bá ti jẹ mọ́ ọ̀ṣọ́, á gbé e sílẹ̀."

"Ìpara ńkọ́?"

"Ìpara tó ń mú ara dán, kí ló tún ń jẹ́ bí kò ṣe ọ̀ṣọ́? Èmi gan-an ni mo sọ fún un ní ọjọ́ kẹta, lẹ́yìn àdúà, pé kó kó gbogbo rẹ̀ tì. Ó sì gbọ́rọ̀. Ó kó o fún ìyàwó ọmọ rẹ̀ pé kó bá òun tọ́jú ẹ̀."

Orin náà dákẹ́.

"Ibo ló tọ́jú ẹ̀ sí?"

Àlhájà kò mọ̀. Ayọ̀bámi fi fóònù pe àgọ́, ó ní kí Yaqub béèrè lọ́wọ́ Nusrat. Ìdáhùn Nusrat kò pẹ́: àpótí onírin lábẹ́ tábìlì maṣíìnì, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà nínú agolo bọ́tìnnì. Ayọ̀bámi ṣí i. Tìróò wà níbẹ̀, lọ́fínńdà wà níbẹ̀, àti ike ìpara ńláńlá mẹ́fà. Kò sí orúkọ kankan lára wọn. Ọ̀kan ti lọ dé ìdajì.

"Ta ló po èyí?"

Àlhájà Mùtíátù na ọrùn. "Èmi ni. Ẹ béèrè mi ní Ìdúmọ̀tà. Àwọn ìyàwó olówó ń ti Ìkòyí wá torí ẹ̀."

"Kí lẹ pò mọ́ ọn?"

"Àṣírí ọjà nìyẹn."

"Àlhájà, ìyàwó ẹ̀gbọ́n yín ń kú lọ. Àṣírí wo?"

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Kò sí nǹkan burúkú níbẹ̀ o. Tíúbù tí wọ́n fi ń pa làpálàpá ni, èyí tó lágbára jù. Ogún tíúbù sínú ike kan, mo wá fi òróró àti ọṣẹ tó ń fọ àwọ̀ mọ́ pò ó. A kì í mu ún. Ìpara lásán ni."

"Ọdún mélòó ni ìyá ti ń fi para?"

"Á tó ọdún mẹ́fà."

"Ojú nìkan?"

"Láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Àárọ̀ àti alẹ́. Ẹni tèmi ni, mi ò jẹ́ kó tán lọ́wọ́ ẹ̀ rí."

Ayọ̀bámi fa kọ́là aṣọ rẹ̀ sísàlẹ̀ kí obìnrin náà lè rí ọrùn rẹ̀.

"Ẹ wo àpá yìí. Nígbà tí wọ́n gé gẹ̀gẹ̀ mi, wọ́n gé kókó tí Ọlọ́run fi síbẹ̀ mọ́ ọn, kókó tó ń pèsè họ́mónù tó ń mú ara gbóná, tó ń mú èèyàn lókun. Àràárọ̀ ni mo ń gbé hóró oògùn kan mì dípò ẹ̀. Ní ọdún kan, mo rìnrìn àjò, mo gbàgbé ẹ̀ sílé fún oṣù kan. Mi ò lè gun àtẹ̀gùn mẹ́ta mọ́. Kò sẹ́ni tó fún mi ní nǹkan jẹ. Ohun tí ara mi ń retí ni kò dé. Ẹ wọ bàtà yín, Àlhájà. Ẹ gbé ike yẹn dání."

*

Dókítà Haleem gba ike náà, ó gbọ́ iye tíúbù, ó gbọ́ iye ọdún, ó sì jókòó.

"Láti àná ni mo ti ń béèrè oògùn tí wọ́n ń lò."

"Wọn ò purọ́ fún yín," Ayọ̀bámi dá a lóhùn. "Kò sẹ́ni tó ń ka ìpara sí oògùn."

"Oògùn ni. Ó sì ń gba inú awọ wọ ẹ̀jẹ̀." Ó yíjú sí Tìjání àti Mùtíátù. "Ẹ gbọ́. Ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní kókó kékeré méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan gorí kíndìnrín bí fìlà. Wọ́n ń ṣe họ́mónù kan tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ wa já wálẹ̀, tí kì í jẹ́ kí ṣúgà tán lára wa, pàápàá tí àìsàn tàbí ìbànújẹ́ bá dé. Ṣùgbọ́n wọn kì í dá ara wọn rán níṣẹ́. Kókó mìíràn wà lábẹ́ ọpọlọ, kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ, òun ló ń pàṣẹ fún wọn. Ohun tó wà nínú tíúbù yẹn jọ họ́mónù náà gan-an. Nígbà tó ti ń wọlé lójoojúmọ́, ọ̀gá tó wà lábẹ́ ọpọlọ rò pé ó ti tó, kò rán iṣẹ́ mọ́. Àwọn tó wà lórí kíndìnrín sùn lọ. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi sùn."

"Bí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì nínú aginjù," Ayọ̀bámi sọ. "Ẹni tó ń ṣa mánà láràárọ̀, kí ló fẹ́ fi oko ṣe? Ọjọ́ tí mánà bá dá láìrò tẹ́lẹ̀, tí a ò sì tíì gbin nǹkan kan, ebi ni."

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Wọ́n dá a dúró lọ́jọ́ kan ṣoṣo, lọ́sẹ̀ tí ọkọ wọn kú. Ìgbà tí ara nílò ẹ̀ jù lọ ni kò sí."

Mùtíátù di ara ògiri mú. "Èmi ni mo ní kó dá a dúró."

"Ẹ̀yin lẹ tún fún un," Tìjání sọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó gbójú sókè wo àǹtí rẹ̀.

Dókítà gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti fi mú ọ̀rọ̀ náà dájú, ṣùgbọ́n kò dúró de èsì. Ó fún ìyá lábẹ́rẹ́ họ́mónù náà. Aago méjì ọ̀sán ni. Gbogbo wọn jókòó. Ayọ̀bámi wo ẹ̀rọ tó ń ka ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, ó sì gbàdúrà láìṣí ẹnu, nítorí ó mọ̀ pé bí òun bá ṣìnà, kò sí ohun tí òun tún máa gbé lọ síwájú adájọ́ lọ́la. Ní aago mẹ́ta, nọ́ńbà náà gòkè. Wọ́n ń retí kó já. Kò já. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́rin lù, Ìyá Tìjání la ojú, ó wo àwọn tó yí i ká.

"Ebi ń pa mí," ó sọ. "Nusrat dà?"

Tìjání wo àǹtí rẹ̀.

"Mo béèrè ìyàwó mi. Ṣé ẹ ti lé e ni?"

Tìjání sọ ohun gbogbo fún un, orí rẹ̀ wà nílẹ̀. Ìyá gbọ́ ọ tán.

"Ẹ̀yin wèrè. Ọmọ tó ń pọn omi tí mo fi ń ṣe àlùwàlá. Ó lágídí, kò mọ ọbẹ̀ sè, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ pa mí kò ní máa fọ ẹsẹ̀ mi." Ó kọjú sí dókítà. "Abẹ́rẹ́ tí ẹ gún fún mi yìí, ṣé kò ní ba opó mi jẹ́?"

"Màmá, oògùn ni, kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ẹ máa gbé hóró rẹ̀ mì láràárọ̀ títí àwọn kókó yẹn á fi jí. Ó lè pẹ́ o."

"Mo ti gbọ́. Ẹ lọ mú ọmọ mi wá."

Lẹ́nu ọ̀nà, Ayọ̀bámi dá Mùtíátù dúró.

"Àwọn tó ń ra ìpara lọ́wọ́ yín, ẹ máa kọ orúkọ gbogbo wọn fún mi. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó jù ú nù lọ́jọ́ kan náà o, kí a má baà tún sin òmíràn. Ẹ ní kí wọ́n lọ rí dókítà. Ẹ ò tún gbọdọ̀ pò ọ́ mọ́. Àwọn ìjọba tó ń rí sí oògùn máa wá bá yín, èmi fúnra mi ni mo máa mú wọn wá."

"Mi ò mọ̀, Inspẹ́kítọ̀. Ọlọ́run rí mi."

"Mo gbà pé ẹ ò mọ̀ nípa ìpara. Ṣùgbọ́n nípa Nusrat náà, ẹ ò mọ̀, ẹ sì pariwo ẹ̀."

*

Nígbà tí Ayọ̀bámi, Tìjání àti Mùtíátù fi dé àgọ́, Yaqub ti gbọ́. Ó ti kó báàgì Nusrat jáde, ó ti fa ilà pa ẹjọ́ náà nínú ìwé rẹ̀.

"Ó parí. O lè máa lọ."

Nusrat dìde, ó tún híjáàbù rẹ̀ so. Tìjání na ọwọ́ sí báàgì rẹ̀. Ó gbà á fún un, ṣùgbọ́n kò wo ojú rẹ̀.

"Màmá ń béèrè ẹ," Tìjání sọ. "Jẹ́ ká gba ẹ̀yìn, ká wọ kẹ̀kẹ́ ní Marina. Wọ́n ti ń jáde ní mọ́sálásí, èrò pọ̀ ládùúgbò. Wọ́n á máa wò wá."

"Níṣojú wọn ni wọ́n ti gbé mi lọ. Níṣojú wọn náà ni n ó ti padà."

"Nusrat, mo bẹ̀ ẹ́."

"Ìwọ á bẹ̀ mí, Tìjání, á pẹ́ díẹ̀. Kì í ṣe lónìí." Ó kọjú sí Àlhájà Mùtíátù, tó jókòó sí etí bẹ́ńṣì bí àlejò. "Ẹ dìde, mà. A jọ ń lọ ni."

"Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ ti tán. Ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

"A máa dúpẹ́ bí a bá dé ilé. Ẹ dìde, mà."

Mùtíátù wo Inspẹ́kítọ̀. Ayọ̀bámi ń wá nǹkan nínú àpamọ́wọ́ rẹ̀, kò gbójú sókè. Mùtíátù dìde.

Wọ́n gba ojú títì. Àwọn ọkùnrin ń jáde láti ìrun Àsárì, wọ́n ń wá bàtà wọn. Àwọn tó ń tajà dá ọwọ́ dúró. Nusrat wà láàárín ọ̀nà, kò sáré, kò falẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ni obìnrin tó ń ta búrẹ́dì ní ẹnu ọ̀nà agboolé.

"Nusrat, wọ́n ti tú ẹ sílẹ̀? Kí ló wá ṣe Ìyá Tìjání?"

Nusrat dúró. Ó yíjú sí Mùtíátù. Àwọn tó ń kọjá náà dúró.

"Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ sọ fún wọn, Àlhájà," ó sọ. "Ẹ dá wọn lóhùn."

Mùtíátù fa ìborùn rẹ̀ síwájú. Ó sọ gbólóhùn kan, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e mì.

"A ò gbọ́ yín o, Àlhájà," obìnrin oníbúrẹ́dì sọ.

Nusrat kò kúrò lójú kan. Àlhájà Mùtíátù wo ẹnu ọ̀nà agboolé, ó wo àwọn èèyàn tó wà níbẹ̀, ó sì tún un sọ sókè pé Nusrat kọ́, ìpara tí òun pò ni.